Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àjẹsára àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àjẹsára àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara ènìyàn lè dènà fáírọ́ọ̀sì Hepatitis B, àti ibi tí agbára náà ti wá: yálà abẹ́rẹ́ ló fún un, tàbí àrùn náà ti ṣe é rí, tó sì ti kúrò. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà: HBsAg, anti-HBs àti anti-HBc. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tó. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé kò ní HBsAg, ohun tó gbọ́ kò ju pé fáírọ́ọ̀sì náà kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún un pé kò lè kó o lọ́la.

Ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́

HBsAg jẹ́ ara èèpo òde fáírọ́ọ̀sì náà. Baruch Blumberg àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló rí i ní àwọn ọdún 1960 nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń pè é ní Australia antigen. Blumberg gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Bí HBsAg bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, fáírọ́ọ̀sì wà lára. Bó bá ju oṣù 6 lọ tó ṣì wà, àrùn náà ti di bárakú.

Anti-HBs ni èròjà tí ara ṣe láti fi bá èèpo òde yẹn jà, òun gan-an sì ni àjẹsára. Anti-HBc ni èyí tí ara ṣe lòdì sí kókó inú fáírọ́ọ̀sì. Ibí yìí ni ọgbọ́n àyẹ̀wò náà wà: èèpo òde nìkan ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí kókó nínú rẹ̀ rárá. Nítorí náà abẹ́rẹ́ kò lè mú anti-HBc jáde, bí ènìyàn tilẹ̀ gbà á nígbà mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní i lóòótọ́ ti pàdé fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, àyàfi ọmọ ọwọ́ tó gba ti ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Èyí lè wà lára ọmọ náà títí di nǹkan bí ọdún 2.

Bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n pọ̀

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, àrùn náà kò ṣe ẹni náà rí, kò sì ní ààbò; abẹ́rẹ́ ló kàn. Bó bá jẹ́ anti-HBs nìkan ló wà, abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́. Bí HBsAg àti anti-HBc bá jọ wà, àrùn wà lára, IgM anti-HBc, ìyẹn irú anti-HBc tí ara kọ́kọ́ ń ṣe, ni wọ́n sì sábà fi ń mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yàtọ̀ sí èyí tó ti pẹ́.

Bí anti-HBs àti anti-HBc bá wà tí HBsAg kò sí, àrùn ti wá, ó ti lọ. Ààbò rẹ̀ a máa tọ́jọ́, ṣùgbọ́n irúgbìn fáírọ́ọ̀sì ṣì sápamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Oògùn tó ń rẹ agbára ààbò ara sílẹ̀ bíi rituximab, oògùn jẹjẹrẹ tàbí sítẹ́rọ́ọ̀dù tó pọ̀ lè jí i dìde. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ fún dókítà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó máa ń da orí rú ni anti-HBc nìkan. Ó lè jẹ́ àrùn àtijọ́ tí anti-HBs rẹ̀ ti rọlẹ̀ jù, tàbí irọ́ ẹ̀rọ, tàbí àrùn tuntun tí HBsAg rẹ̀ ti lọ tí anti-HBs kò sì tíì dé, tàbí fáírọ́ọ̀sì tó kéré débi pé HBsAg kò hàn. Wọ́n á tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n á sì wá HBV DNA, ìyẹn àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀.

Iye àti ìgbà

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, anti-HBs tó bá tó 10 mIU/mL (ìwọ̀n rẹ̀ nínú mílílítà kan) ni wọ́n kà sí ààbò. Iye yìí kan náà ni 10 IU/L, nítorí náà kí ìyàtọ̀ ìkọsílẹ̀ má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní 900 kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tó ní 150 lọ. Ẹ̀rọ kan àti èkejì kì í sábà bára mu ní etí 10, ó sì dára kí wọ́n tún un wò bó bá bọ́ sáàárín 8 àti 12.

Oṣù 1 sí 2 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti tó ọdún mẹ́wàá tí ènìyàn gba abẹ́rẹ́, iye náà lè ti wálẹ̀ sí 4, síbẹ̀ ara tó lera kì í gbàgbé: abẹ́rẹ́ kan péré á gbé e sókè padà. Ẹni tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún nítorí kíndìnrín yàtọ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń wo tirẹ̀. Àṣìṣe kan wà tó ń kó ìpayà bá ènìyàn lásán: HBsAg inú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lè hàn nínú ẹ̀jẹ̀ fún bí ọjọ́ 18. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́, kódà ní ọjọ́ kan náà.

Kò pọn dandan kí ènìyàn gbààwẹ̀. Nǹkan bíi mílílítà 3 sí 5 láti inú iṣan apá ti tó. Wọ́n á jẹ́ kó dì fún bí ìṣẹ́jú 30, wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ, omi àwọ̀ ìyeyè tó léfòó ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Páálí kékeré onílà méjì tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, HBsAg nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń wò. Kò lè sọ ti àjẹsára. Bí ìlà T, tó ń sọ èsì, bá hàn fírífírí, ó ti wà nìyẹn. Bí ìlà C, tó ń fi hàn pé páálí náà ṣiṣẹ́, kò bá hàn, kí wọ́n jù ú nù.

Bí iye kò bá tó 10

Ọjọ́ orí tó ju 40, sìgá àti sísanra jù wà lára ohun tó ń fà á. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ìdí dípò èjìká náà lè fà á, nítorí ọ̀rá ló máa bọ́ sí, bákan náà sì ni èyí tó dì bíi yìnyín nínú fíríìjì: ìwọ̀n 2 sí 8 °C ló gbọ́dọ̀ wà, dídì a máa bà á jẹ́ pátápátá. Wọ́n á tún abẹ́rẹ́ náà gún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á sì tún ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 1 sí 2. Bó bá tún kùnà, kí wọ́n wo HBsAg, nítorí ó ṣeé ṣe kí àrùn ti wà lára láti ọjọ́ yìí. Ẹni tí àrùn kò sí lára rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kò sì ràn, HBIG, ìyẹn anti-HBs tí wọ́n ti yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ni wọ́n ń fún un bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹni tó ní àrùn náà bá gún un: mílílítà 0.06 fún kílò kan, kíákíá bó bá ti lè yá tó, kí wọ́n sì tún un fún un lẹ́yìn oṣù kan.