Kí ni wọ́n ń pè ní non-league? Ẹ jẹ́ ká wo Marine ti ìlú Crosby

Bí ìdíje FA Cup ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti wọ orí afẹ́fẹ́ báyìí, ẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pé ikọ̀ báyìí-báyìí, non-league ni. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ikọ̀ náà kò ní líìgì kankan tó ń gbá, pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gbá kiri. Irọ́ ni o. Wọ́n ní líìgì, wọ́n ní tábìlì, àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń já wálẹ̀. Líìgì kan ṣoṣo ni wọn kò sí níbẹ̀: Football League, èyí tí ikọ̀ méjìlá dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1888.

Lóde òní, ikọ̀ 92 ló wà lókè: 20 ní Premier League, 72 ní ìpele mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìyẹn EFL, orúkọ tí wọ́n ń pe Football League báyìí. Ìpele karùn-ún ni National League. Láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, non-league ni gbogbo wọn. Àmọ́ wọn kò rí bákan náà. Ní National League, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni kò níṣẹ́ mìíràn ju bọ́ọ̀lù lọ. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ óò máa bá olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn pàdé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò nírọ̀lẹ́, tí ẹgbẹ́ sì ń fún lówó díẹ̀ lé e.

Ohun tó pààlà láàárín ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kì í ṣe góòlù. Ìbò ni. Nígbà náà, ikọ̀ tó bá gba ife líìgì non-league kò lè gòkè bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú Football League á tún béèrè fún àyè wọn, àwọn akẹgbẹ́ wọn á sì dìbò. Ẹ mọ bí irú ìbò bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ: ṣe fún mi kí n ṣe fún ọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn mẹ́rin yẹn ló ń padà wọlé. Ẹni tó bá sì bọ́ síta, ó lè pẹ́ gan-an kó tó padà. Lọ́dún 1972, wọ́n dìbò yọ Barrow, wọ́n fi Hereford rọ́pò rẹ̀, nítorí Hereford ṣẹ̀ṣẹ̀ na Newcastle ní FA Cup lọ́dún náà, òkìkí wọn sì ti kàn. Ọdún 2020 ni Barrow tó padà. Ọdún 1987 ni ilẹ̀kùn ṣí: Scarborough ni ikọ̀ àkọ́kọ́ tó gòkè wọ Football League láìsí ìbò, Lincoln City ló já wálẹ̀. Lọ́dún 2003, àyè ìgòkè ọ̀hún di méjì. Lójú tèmi, ìyẹn ló yẹ kó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Marine ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ. Ìlú etíkun kékeré ni Crosby, ní àríwá Liverpool. Ọdún 1894 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Marine ni wọ́n sì mú orúkọ rẹ̀ lò. Láti 1903 ni wọ́n ti wà ní Rossett Park. Ilé àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú pápá náà. Lápá kan, ẹ̀yìnkùlé ni ọgbà pápá fara tì, kò sí àyè fún òǹwòran níbẹ̀. Ẹni tó pẹ́ jù nídìí ìkọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Roly Howard, láti 1972 sí 2005. Iṣẹ́ kí ló fi ń jẹun? Fèrèsé ló ń nù fáwọn èèyàn. Èmi ò rò pé ohun mìíràn ṣàlàyé non-league jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa náà ní ìtàn ní Rossett Park. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1949, ikọ̀ Nàìjíríà wọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Liverpool, Marine sì ni wọ́n kọ́kọ́ bá wàákò. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá a, góòlù 5 sí 2 ni wọ́n sì fi na onílé. Tesilimi Balógun, tí pápá kan ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà nínú ìrìn àjò náà. Nígbà tó padà lọ gbá bọ́ọ̀lù jẹun lọ́hùn-ún lọ́dún 1955, Peterborough, tó ṣì jẹ́ non-league nígbà náà, ló kọ́kọ́ gbà á, kó tó kọjá sí Queens Park Rangers.

Ìdíje tí ẹni ìsàlẹ̀ ti lè bá ẹni òkè pàdé ni FA Cup. Ní sáà 2020 sí 2021, ìpele kẹjọ ni Marine wà. Wọ́n fi pẹnáritì lé Colchester ti EFL dànù, wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo lé Havant & Waterlooville ní òpin àfikún àkókò, ni Tottenham ti Premier League, tí José Mourinho ń kọ́ nígbà náà, bá kàn wọ́n. Ipò 161 ló wà láàárín àwọn méjèèjì lórí àtẹ líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdíje náà. Kòrónà kò jẹ́ kí òǹwòran wọ pápá, ni àwọn aládùúgbò bá ń wò ó láti ẹ̀yìnkùlé wọn, nígbà tí ẹgbẹ́ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní pọ́n-ùn mẹ́wàá. Ó lé ní 30,000 tí wọ́n tà. Ayò ṣì wà ní òdo sí òdo nígbà tí Neil Kengni ta bọ́ọ̀lù kan láti òkèèrè tó lọ gbá irin òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, Carlos Vinícius gbá mẹ́ta wọlé, Tottenham sì jáwé olúborí pẹ̀lú góòlù 5 sí òdo.

Ẹ má ṣàánú wọn jù. Marine gòkè lọ́dún 2023, wọ́n tún gòkè lọ́dún 2024, wọ́n sì dé National League North tó jẹ́ ìpele kẹfà. Láti ibẹ̀, ìgòkè méjì péré ló kù kí ẹnikẹ́ni má lè pè wọ́n ní non-league mọ́.