Bàbá Kú, Mọ́tò Wà Nílẹ̀: Ta Ló Ni Ín Báyìí?

Ìbéèrè: Oṣù mẹ́ta rèé tí bàbá wa ti kú. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa àgbà ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ wà, ó sì ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Ṣé ó lè tà á?

Kò tíì lè tà á. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló ń sọni di onímọ́tò, orúkọ tó wà lórí pàtíkúlà ni, orúkọ bàbá yín ló sì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ rìsíìtì, wọ́n á fi ọjọ́ tí olóògbé ṣì wà láyé sí i, wọ́n á buwọ́ lù ú lórúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ayédèrú ìwé ni, ẹ̀wọ̀n wà nídìí rẹ̀, owó ẹni tó rà á sì lè wọgbó bí ẹnìkan nínú ẹbí bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù.

Kí ló wá yẹ ká ṣe?

Ní Nàìjíríà, àṣẹ ilé ẹjọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbà. Bí bàbá bá kọ wíìlì, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sí ẹ̀ka Probate, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wíìlì àti ogún, ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ yín. Bí kò bá kọ ọ́, bí ọ̀pọ̀ bàbá wa kì í ti í kọ ọ́, kí ẹbí yan bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò lọ gba Letters of Administration, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún olóògbé, níbẹ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn dání, àti gbogbo pàtíkúlà tẹ́ ẹ bá rí. Wọ́n á kéde sínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àtakò lè jáde. Ibẹ̀ ló ti máa ń pẹ́, pàápàá bí aáwọ̀ bá wà nílé.

Bí ìwé bá ti jáde, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ á lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì (MVAA ni l'Ékòó) láti fi mọ́tò sórúkọ ẹni tó kàn.

Èmi ni next of kin bàbá ní báǹkì. Ṣé èmi kọ́ ni mo ni mọ́tò náà?

Rárá o. Ẹni tí wọ́n á ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò sọ yín di ajogún.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá ní. Báwo la ṣe máa pín mọ́tò kan ṣoṣo?

Ẹ tà á, kẹ́ ẹ pín owó rẹ̀, àfi bí gbogbo yín bá fẹnu kò pé ẹnìkan ni kó mú un. Ìdí igi ni ìpìlẹ̀ nínú àṣà wa: ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ á gba ìpín kan náà, ìbáà jẹ́ ọmọ kan ló bí tàbí mẹ́fà. Bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí òjorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, lórí ogún bàbá oníyàwó mẹ́rin tó bí ọmọ mẹ́sàn-án. Ìdí igi ni wọ́n fara mọ́. Bó bá jẹ́ ìlànà Ìsìláàmù lẹ fẹ́ fi pín in, àwọn opó á jùmọ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọmọ bá wà.

Èyí tó máa ń dùn mí ni ti opó. Lábẹ́ àṣà, kò ní ìpín nínú ogún ọkọ, bó tilẹ̀ jọ dáwó ra mọ́tò náà. Ìyàwó tó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin. Ìyá tó bá sì lówó nínú mọ́tò, kó tọ́jú rìsíìtì àti ẹ̀rí báǹkì rẹ̀ dáadáa.

Ṣé a lè máa wà á kí ìwé tó jáde?

Mi ò gbà yín níyànjú. Orúkọ olóògbé ló wà lórí ìnṣọ́ránsì. Bí mọ́tò bá gbá ènìyàn, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti sanwó, ọrùn ẹni tó ń wà á ló máa dá lé.

Ṣùgbọ́n ẹ má pa á tì. Ọdún méjì ni Camry àbúrò bàbá mi fi wà lábẹ́ igi máńgòrò n'Íbàdàn. Eku jẹ wáyà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlẹ̀, àwọn ọmọdé fi ìka kọ orúkọ wọn sínú eruku ara gíláàsì iwájú. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, ẹ fi tapólì bò ó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.