Akápò Wọn Wà ní Bàgídádì: Bí Ìjọba Àgbègbè Kurdistan Ṣe Ń Rìn

Ẹni tó bá dé Erbil, olú ìlú àgbègbè Kurdistan ní àríwá Ìráàkì, tí àwọn onílùú ń pè ní Hewlêr, lè rò pé orílẹ̀-èdè mìíràn lòun wọ̀. Àsíá tí oòrùn onítànṣán 21 wà láàárín rẹ̀ ń fẹ́ lókè, èdè Kurd ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé, ọmọ ogun Peshmerga ló sì dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, dínárì Ìráàkì ni yóò yọ lápò.

Ìyà ló bí ìjọba yìí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1988, ọkọ̀ òfurufú Saddam Hussein, ààrẹ Ìráàkì nígbà náà, da afẹ́fẹ́ olóró sórí Halabja, ìlú àwọn Kurd. Nǹkan bí 5,000 èèyàn ló kú. Ní 1991 àwọn Kurd dìde sí i, ó lé wọn sórí òkè nínú òtútù, kí Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti Faransé tó fòfin de ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ní àríwá. Nígbà tó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò, àwọn Kurd dìbò yan ilé aṣòfin tiwọn ní 1992. Òfin orílẹ̀-èdè Ìráàkì ti 2005 ló wá fọwọ́ sí i.

Òfin yẹn fún wọn ní ààrẹ, olórí ìjọba, ilé ẹjọ́ àti ẹ̀ṣọ́ tiwọn. Owó níná, ààbò gbogbo orílẹ̀-èdè àti àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Ìráàkì ní Bàgídádì.

Nínú ilé pàápàá, ọwọ́ méjì ló di ọ̀pá àṣẹ mú. Ẹgbẹ́ òṣèlú KDP ti ìdílé Barzani ló lágbára ní Erbil àti Duhok, ẹgbẹ́ PUK ti ìdílé Talabani ló ni Sulaymaniyah. Wọ́n bá ara wọn jagun láti 1994 sí 1998. Ìtumọ̀ Peshmerga ni ẹni tó dojú kọ ikú. Ó dunni pé títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹgbẹ́ ju ti ìjọba lọ.

Owó ni kókó ọ̀rọ̀. Títí di 2017, lórí ìwé, ìdá 17 nínú 100 owó ìṣúná Ìráàkì ni tiwọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi páìpù gbé epo rọ̀bì lọ tà fúnra wọn ní Ceyhan ní ilẹ̀ Tọ́kì, Bàgídádì dá owó náà dúró ní 2014. Ní 2017, wọ́n dìbò ní Kurdistan lórí bóyá kí wọ́n kúrò lára Ìráàkì, ó sì lé ní ìdá 92 nínú 100 àwọn tó dìbò tó ní àwọn fẹ́ dá dúró. Kò pé oṣù kan tí ọmọ ogun Ìráàkì fi gba ìlú Kirkuk àti kànga epo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kẹta 2023, Tọ́kì ti páìpù náà pa lẹ́yìn ẹjọ́ kan tí Ìráàkì bá a ṣe ní Paris lórí epo náà. Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni epo tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn olùkọ́ ló fara kááṣá rẹ̀ jù. Lápá ìparí 2023, àwọn ti Sulaymaniyah daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà. Ní oṣù Kejì 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bàgídádì pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa san owó oṣù náà fún òṣìṣẹ́ tààràtà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Sulaymaniyah ló yọ̀ sí ìdájọ́ yẹn.