Yíyan písítìnì fún ẹ́ńjìnnì tú-sítírókù alùpùpù àtijọ́

Yíyan písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì alùpùpù tú-sítírókù (èyí tó ń parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìrìn písítìnì méjì péré) tó ti pẹ́ ṣe. Ó kan wíwá písítìnì tuntun, pẹ̀lú ríìngì tó yí i ká, píìnì tó so ó mọ́ ọ̀pá kíráǹkì, àti lọ́ọ̀kì tó ń di píìnì náà mú, nígbà tí èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì bá ti jẹ, tó ti fọ́, tàbí tó ti há mọ́ sìlíńdà. Ní Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú tó yí i ká, a ṣì ń rí irú ẹ́ńjìnnì yìí lára Suzuki, Yamaha àti Vespa tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Àwọn kan ṣì ń fi wọ́n kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde lóko. Àwọn mìíràn ń tún wọn ṣe nítorí pé ogún bàbá wọn ni.

Nínú ẹ́ńjìnnì fọ́ọ̀-sítírókù (onírìn mẹ́rin), fáàfù ló ń ṣí ọ̀nà epo àti ọ̀nà èéfín, òun náà ló sì ń tì wọ́n. Tú-sítírókù tí Joseph Day, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní nǹkan bí 1891 kò ní irú fáàfù bẹ́ẹ̀. Písítìnì fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀kùn: bó ti ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń bo àwọn ihò tó wà lára sìlíńdà, ó sì ń ṣí wọn. Nítorí náà, kì í ṣe fífẹ̀ písítìnì nìkan la ń wò. Bí orí rẹ̀ bá fi díẹ̀ ga ju ti àtijọ́ lọ láti ibi ihò píìnì, ó lè kan ọmọrí sìlíńdà. Bó bá kúrú jù nísàlẹ̀, nínú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ písítìnì ló ń ṣí ọ̀nà kábúrétọ̀, ọ̀nà náà á tètè ṣí, á sì pẹ́ kó tó tì, epo á wá máa tu padà sínú kábúrétọ̀.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ ni Suzuki A100 àti Yamaha RX100. Sìlíńdà àwọn méjèèjì fẹ̀ tó mìlímítà 50, ìrìn písítìnì wọn sì jẹ́ mìlímítà 50, èyí tó sọ ọ́ di nǹkan bíi 98 cc. Síbẹ̀, ọ̀nà epo inú wọn yàtọ̀ pátápátá. Àwo pẹlẹbẹ tó ń yí pẹ̀lú kíráǹkì ló ń ṣí ọ̀nà epo fún A100, nígbà tó jẹ́ pé ahọ́n irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fì ló ń ṣe é fún RX100. Ẹni tó bá sọ fún ọlọ́jà pé «písítìnì 50» lòun fẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Kó mú písítìnì àtijọ́ dání, bó tilẹ̀ ti fọ́, kó sì fi í wé tuntun tó fẹ́ rà: gíga láti píìnì dé orí, gígùn ìsàlẹ̀, ojú fèrèsé tó wà lára rẹ̀, fífẹ̀ píìnì, àti bí orí ṣe rí. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ gan-an máa ń ní òkìtì lórí písítìnì tó ń darí epo gba òkè. Ọgbọ́n ihò tí Adolf Schnürle ará Jámánì dá, tí DKW, ilé iṣẹ́ alùpùpù Jámánì, sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní àwọn ọdún 1930, ló mú òkìtì yẹn kúrò. Ara RT 125, alùpùpù kan tí DKW ṣe, ni alùpùpù BSA Bantam ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yamaha YA-1 ti 1955 ti jáde.

Sìlíńdà ló ń sọ irú písítìnì tó kàn. Ìtòsí ihò èéfín àti apá òkè ló sábà máa ń jẹ jù, torí náà ibi púpọ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n, ní gígùn àti ní ìbú. Ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe ló fi nǹkan bíi mm 0.10 ṣe ààlà. Bí jíjẹ bá kọjá ibẹ̀, rìbọ́ọ̀ ló kù, ìyẹn gbígbẹ́ inú sìlíńdà kó fẹ̀ sí i. Àwọn tó ṣe alùpùpù ilẹ̀ Japan máa ń ṣe písítìnì tó fi mm 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á sì tẹ nọ́ńbà náà sí orí rẹ̀. Nígbà mìíràn «50» lásán ni wọ́n á kọ dípò 0.50. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń lo ínǹṣì: +.020 jẹ́ nǹkan bíi mm 0.51. Èyí tó kéré jù lọ tó lè mú gbogbo ojú ọgbẹ́ inú sìlíńdà kúrò ló yẹ kí a mú. Ẹni tó fò láti ojúlówó lọ sí 1.00 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti jẹ ìgbà mẹ́ta tí sìlíńdà yẹn ì bá tún fi ṣiṣẹ́, kò sì jèrè agbára kankan tó pọ̀: sìlíńdà 50 tó di 51 kàn kúrò ní 98 cc bọ́ sí 102 ni.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ ni ríra písítìnì kí sìlíńdà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rìbọ́ọ̀. Písítìnì méjì tí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, tí wọ́n sì kọ 50.50 sí, lè má dọ́gba. Alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe písítìnì ń wú nínú ooru tó ìlọ́po méjì irin sìlíńdà, ìdí nìyẹn tí àlàfo fi gbọ́dọ̀ wà láàárín písítìnì àti sìlíńdà. Fún ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù, tí sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó mm 50, àlàfo yìí sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mm 0.04 sí 0.05 fún písítìnì tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòkọ́. Èyí tí wọ́n rọ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń wú jù. Iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ló borí. Písítìnì kì í ṣe róbótó géérégé: ó rọra gùn ní ìhà kan, orí rẹ̀ sì kéré ju ìsàlẹ̀ lọ, torí náà ìsàlẹ̀, ní ìhà tó dábùú píìnì, la ti ń wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo bá há jù, yóò há mọ́ sìlíńdà bí wọ́n bá di ẹrù sẹ́yìn alùpùpù tí wọ́n sì kọjú sí òkè Ìdànrè. Bó bá fẹ̀ jù, á máa lu sìlíńdà, ríìngì á sì tètè jẹ. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, písítìnì yíyọ́ sàn ju rírọ lọ. Eré ìje ni ti rírọ.

Ríìngì nílò àkíyèsí tirẹ̀. Nínú ojú ọ̀nà ríìngì, ìṣó kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kó yí, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì má baà bọ́ sínú ihò sìlíńdà. Bí písítìnì tí a rà bá ní ìṣó náà ní ibòmíràn, ẹnu ríìngì lè kọ́ ihò, kó sì fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. A ń ti ríìngì nìkan sínú sìlíńdà, a ń fi orí písítìnì tì í kó lè dúró gbọọrọ, ká tó fi fíílà (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Fún mm 50, nǹkan bíi 0.15 sí 0.35 ló wọ́pọ̀. Ọfà orí písítìnì ń kọjú sí sàlẹ́ńsà. Lọ́ọ̀kì píìnì kì í ṣe ohun à ń lò lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jà, písítìnì RX100 àti ti AX100, Suzuki mìíràn, kò ṣòro rí tó ti A100, torí pé wọ́n ṣe RX100 ní Íńdíà láti 1985 títí di 1996, Jincheng ti ilẹ̀ China sì ṣe ẹ̀dà Suzuki AX100 tí àwọn ọlọ́kadà gùn kárí Nàìjíríà. Ayédèrú kì í hàn lára páálí. Ó ń hàn bí píìnì bá ń mì nínú ihò rẹ̀, bí ojú ọ̀nà ríìngì bá rí hágahàga, tàbí bí písítìnì bá wúwo ju ti àtijọ́ lọ dáadáa. Ìwúwo yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni wọ́n fi dọ́gba kíráǹkì. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bó bá yí padà.

Kí a tó ra tuntun, ó yẹ ká ka ohun tó pa ti àtijọ́. Ọgbẹ́ ní ìhà ihò èéfín ń tọ́ka sí ooru àpọ̀jù, tí epo tó kéré jù fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé lára síìlì kíráǹkì (rọ́bà tó ń dí etí kíráǹkì), máa ń fà. Ọgbẹ́ igun mẹ́rin sábà máa ń túmọ̀ sí àlàfo tó há jù. Bí ìhà ọ̀nà epo bá rí bí ohun tí wọ́n fi yanrìn ha, eruku ọyẹ́ ló wọlé, wọ́n ti yọ àsẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò nìyẹn. Ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ epo náà ń kó tirẹ̀: àwọn tó pẹ́ ń fẹ́ 1 nínú 20, ìyẹn mílílítà 250 sínú lítà 5.

Bí sìlíńdà irin bá ti dé ìwọ̀n ìgbẹ̀yìn, wọ́n lè ki sílíìfù tuntun, ìyẹn irin róbótó tó ń bo inú rẹ̀, bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dá a padà sí 50. Iṣẹ́ tọ́nà tó mọ́wọ́ ni, nítorí pé ihò sílíìfù gbọ́dọ̀ bá ihò sìlíńdà mu kínníkínní, kí wọ́n sì fi fáìlì pa ẹnu àwọn ihò náà lójú lẹ́yìn rìbọ́ọ̀. Sìlíńdà alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi Nikasil (èròjà líle tí wọ́n fi ń bo inú sìlíńdà) bò kò ṣe é rìbọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n bò ó lákọ̀tun.