Omi tó mọ́ gaara kọ́ ni omi tó dára fún ẹja inú gíláàsì

Ọ̀pọ̀ tó ń sin ẹja sínú gíláàsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbà pé bí omi bá ti mọ́ gaara, ara ẹja ti le nìyẹn. Bó bá di Sátidé, wọn á da gbogbo omi nù, wọn á fi ọṣẹ fọ gíláàsì, òkúta àti fóòmù fílítà, wọn á sì pọn omi tuntun sí i. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ẹja á máa yọ ẹnu sókè omi, á máa mí hẹlẹ. Wọ́n á ní kànga ni kò dára. Kànga kọ́, fífọ̀ yẹn ni.

Ìdọ̀tí tó ń pa ẹja kì í hàn sójú. Amóníà ni, ara ẹja fúnra rẹ̀ ló ń tú u jáde, oúnjẹ tó bá jẹrà nísàlẹ̀ náà sì ń mú un wá. Bakitéríà kan wà tó ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé ni ìyẹn náà, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé atẹ́gùn. Bakitéríà mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Ara òkúta, yanrìn àti fóòmù ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe inú omi. Nínú gíláàsì tuntun, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n fi ń gbilẹ̀. Ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n nù ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹja tó ń tú amóníà jáde kò dín.

Bí gíláàsì bá gba lítà 100, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa lítà 20 sí 25 jáde lọ́sẹ̀, láti ìsàlẹ̀ níbi tí ìgbẹ́ ẹja kó sí. Inú omi tí ẹ fà jáde yẹn ni kí ẹ ti fún fóòmù náà lẹ́ẹ̀mejì péré. Tó bá ṣì pọ́n díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì, ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú korobá fún wákàtí 24. Omi kànga tàbí bọ́hóòlù kì í sábà ní atẹ́gùn tó, ẹ máa dà á láti korobá kan sí èkejì bí ìgbà 10, kó sì sun ilé mọ́jú kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ má da omi ìdájí sí i rárá; èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja wọ̀nyí, ìwọ̀n 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá wọn lára mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi álọ́ọ̀mù sí i. Ẹrẹ̀ á rì sísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi á kan, álọ́ọ̀mù á sì lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí.

Ojú oró tó ń lékè omi wúlò jù ú lọ, nítorí amóníà àti nitrate ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fi sí korobá ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ná, torí ìgbín àti eṣúṣú máa ń sá pamọ́ sí gbòǹgbò rẹ̀. Kó má bo ju ìdajì ojú omi lọ, ẹ sì máa yọ ewé tó bá ti pọ́n. Ewé igi furútù (Indian almond) gbígbẹ tó já fúnra rẹ̀ náà dára, ẹyọ kan sí lítà 50. Omi á pọ́n bíi tíì, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 2 ti tó.

Bí ẹja bá ti ń mí hẹlẹ, ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ 2, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lónìí, kí ẹ tún un ṣe lọ́la. Iyọ̀ gíráàmù 1 sí lítà kan máa ń dí nitrite lọ́nà, àmọ́ kò lè ṣe nǹkan kan sí amóníà. Ẹ kọ́kọ́ yọ ojú oró kúrò, kí ẹ yọ́ iyọ̀ náà nínú abọ́ kan, kí ẹ tó rọra dà á sí i.