Bodè Inú Iṣan: Bí Ẹran Omi Ṣe Fi Iná Ara Hàn Wá

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ láàbù ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ara ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n gbé ka iwájú wa. Àwọn ọmọkùnrin inú kíláàsì ló fi tọ́ọ̀ṣì ṣọdẹ wọn lóru, wọ́n dà wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àwọ̀n bò ó lójú. Olùkọ́ wa yọ iṣan ẹsẹ̀ ọ̀kan, ó fi òwú so ó mọ́ ọ̀pá irin tín-ín-rín kan tí ẹnu rẹ̀ ń ha ara ìlù tí wọ́n ti fi èéfín kùn dúdú. Ó wá fi wáyà méjì kan fọ́nrán funfun tó bá ẹran náà jáde. Ẹran náà sún kì, ìlà funfun kan sì gòkè lójú ìlù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ tó ni ín ti kú láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Kí ló ń mì ín?" ni olùkọ́ bi wá. Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja ní Ọjà Tuntun ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ó jọ ti òjìjí, sà." A bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ò bá wa rín in. Ó ní, "Ọmọ yìí ti sọ ìtàn ọgọ́jọ ọdún tán ní gbólóhùn kan," ó sì kọjú sí pátákó, kò ṣàlàyé. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tó ń wí, èmi tí mo wá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ kan náà lónìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Iṣan ni à ń pe okùn tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan là ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan náà la tún ń pe fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù èdè wa. Èmi ò kà á sí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà, orúkọ tí wọ́n ń pe iṣan líle ni ayé ìmọ̀ yá lò fún ti ìmọ̀lára. Ohun tó ṣòro kì í ṣe orúkọ. Ohun tó ń gba inú fọ́nrán yẹn kọjá ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Òjìjí ńkọ́? Ẹni tó bá dàgbà létí odò mọ̀ ọ́n. Kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ ń yọ̀ bíi ti àrọ̀, ẹnu rẹ̀ nípọn, irùngbọ̀n wà níbẹ̀. Fọwọ́ kàn án láàyè, apá rẹ á kú títí dé èjìká. Iná ara rẹ̀ lè ju 300 fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára iná) lọ. Ti ògiri ilé wa ò ju 240 lọ, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná wá.

Ìlú Bologna ní Ítálì ni ìtàn náà ti gbéra, láàárín ọdún 1780 sí 1790. Dókítà kan tó ń jẹ́ Luigi Galvani ń la àkèré. Ẹsẹ̀ àkèré òkú ta pàrà nígbà tí iná ẹ̀rọ tó wà nítòsí ṣẹ́ná, ó tún ta nígbà tí ó fi ìkọ́ irin gbé e kọ́. Lọ́dún 1791 ó kọ ọ́ jáde pé iná wà nínú ara ẹran fúnra rẹ̀. Alessandro Volta, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì bíi tirẹ̀, ní irọ́ ni, pé irin oríṣi méjì tó fara kanra ló mú iná wá, ẹsẹ̀ àkèré kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán. Kí Volta lè fi hàn pé òun jàre, ó to fàdákà àti síǹkì léra, ó fi páálí tó rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn. Bátìrì àkọ́kọ́ nìyẹn, ọdún 1800. Orúkọ tí Volta fúnra rẹ̀ fún un ni ẹ̀yà ara iná àtọwọ́dá, nítorí ara ẹja oníná inú òkun ló wò ṣe é. Ẹ rántí èyí nígbà míì tí ẹ bá ń ki bátìrì sí rìmóòtù. Àwọn méjèèjì ló sì jàre, ẹnì kọ̀ọ̀kan lápá tirẹ̀.

Apá tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ní Berlin, Emil du Bois-Reymond ti fi ẹ̀rọ wọn iná tó ń gba inú iṣan kọjá, ní àwọn ọdún 1840. Àmọ́ ó wá ẹran tí iná rẹ̀ kì í ṣe ti ìtìjú. Àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland tó wà ní Old Calabar fi òjìjí ránṣẹ́ sí Edinburgh, láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti dé Berlin láàyè ní nǹkan bí ọdún 1857. Mo mọ̀ pé Calabar kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹja tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ń lù lórí kí ó tó ṣà á, ìbátan rẹ̀ ti wọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi.

Ohun kan ń da gbogbo wọn láàmú. Hermann von Helmholtz ti wọn eré tí ìròyìn ń sá nínú iṣan àkèré lọ́dún 1850: bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀, kò pé kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Mọ́tò tó ń sáré láti Ìbàdàn bọ̀ ní Ifẹ̀ lè bá a dọ́gba. Iná inú wáyà kì í rìn bẹ́ẹ̀ yẹn, a kì í tilẹ̀ rí i kó tó dé. Nítorí náà, iṣan kì í ṣe wáyà. Nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Iyọ̀ ni. Àṣìṣe ló sì fi iyọ̀ hàn. Ní London, Sydney Ringer gbé ọkàn àkèré sínú omi tí wọ́n bu iyọ̀ sí, ó ń lù kì kì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìgbà tó lo omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ mọ́, ọkàn náà dákẹ́ láìpẹ́. Àṣé omi ẹ̀rọ ìgboro ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, kálísíọ̀mù, èròjà kan bíi ti iyọ̀, tó wà nínú omi yẹn ló ń mú ọkàn lù. Ọdún 1882 sí 1883 nìyẹn. Ẹni tó bá ti dúró ti aláìsàn ní Wesley Guild ní Iléṣà, tàbí ní ọsibítù èyíkéyìí, ti rí orúkọ ọkùnrin yìí láìmọ̀: òun ni wọ́n kọ sára àpò dírípù, Ringer's Lactate.

Lọ́dún 1902, Julius Bernstein ní Jámánì dá a lábàá pé awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ń jẹ́ kí pọtásíọ̀mù, èròjà irú iyọ̀ mìíràn, jò díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí inú fi ní iná òdì (negative). Pé bí ìròyìn bá ń kọjá, awọ náà á la fún gbogbo nǹkan, iná inú á sì di òfo. Àbá dáadáa ni, àmọ́ ta ló lè ki abẹ́rẹ́ bọ inú fọ́nrán iṣan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ kí ó wò ó?

Ẹran òkun tún ló gbani. Lọ́dún 1936, J. Z. Young kéde pé squid, ẹran tí kò légungun tí apá rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, ní fọ́nrán kan tó lè nípọn tó mìlímítà kan. Ìyẹn tó abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́dún 1939, ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley rọra ti wáyà bọ inú rẹ̀ láti ìdí. Wọ́n retí pé iná inú á di òfo. Kò dúró níbẹ̀. Ó ré kọjá òfo, ó di iná rere (positive). Bernstein ti tàsé. Wọn ò tíì mọ ìdí rẹ̀ tí ogun fi dé ní oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n kó ìwé wọn sí àpótí, tí kálukú gba ẹnu iṣẹ́ ogun lọ.

Lẹ́yìn ogun ni wọ́n rí i. Mo máa ń fi bodè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Láyé àtijọ́, o ò lè ti oko bọ̀ kí o kàn wọ Ifẹ̀; oníbodè á wò ọ́, á wo ẹrù rẹ. Sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ ọbẹ̀, pọ̀ lẹ́yìn odi sẹ́ẹ̀lì, pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú. Oníbodè sódíọ̀mù ṣí ilẹ̀kùn, sódíọ̀mù ya wọlé, iná inú di rere. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti tì í. Oníbodè pọtásíọ̀mù tó ń lọ́ra ṣí tirẹ̀, pọtásíọ̀mù jáde, iná padà sí òdì. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Iná tó wọlé yìí ló ń jí bodè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á jí èkejì, títí ìròyìn á fi dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí eré rẹ̀ fi jẹ́ ti mọ́tò.

Huxley fẹ́ fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà Cambridge wà lábẹ́ àtúnṣe. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tí ẹnu rẹ̀ ń dún gbà-gbà-gbà, ó yí i fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìṣirò ní ìròyìn yẹ kó sá mítà 18.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí wọ́n wọ̀n lára squid jẹ́ 21.2. Fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí sójú rí, mo gba fìlà fún wọn. Ọdún 1952 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963.

Bodè tí wọ́n ń wí, wọn ò rí i. Erwin Neher àti Bert Sakmann ní Göttingen ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbọ́ ìró ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, lọ́dún 1976. Wọ́n fi iná yọ́ ọ̀pá gíláàsì oníhò, wọ́n fà á títí ẹnu rẹ̀ fi kéré ju ohun tí ojú lè rí, wọ́n gbé e lé ara ẹran àkèré (àkèré náà tún dé). Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí èèyàn bá fi rọ́bà sẹ́nu tó fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, bí ẹni fi sitiróò mu kóòkì, gíláàsì á lẹ̀ mọ́ awọ náà típẹ́típẹ́. Ìlà ojú ẹ̀rọ á wà ní títẹ́jú, lójijì á já sílẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún fò sókè. Ṣí. Tì. Ṣí. Kò sí ààbọ̀ ṣíṣí. Àwọn náà gba Nobel ní 1991.

Ìyókù yára. Toshio Narahashi ti fi hàn ní 1964 pé májèlé ẹja tó ń wú bíi bàlúùnù máa ń dí bodè sódíọ̀mù nìkan. Shosaku Numa àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Japan tú àkọsílẹ̀ bí ara ṣe ń to bodè yẹn ní 1984, láti ara ẹja oníná ti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1998 Roderick MacKinnon ya àwòrán bodè pọtásíọ̀mù, a sì wá mọ ìdí tí sódíọ̀mù tó kéré jù ú lọ ò fi lè gbabẹ̀: omi ló so mọ́ wọn lára bí aṣọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà náà bá pọtásíọ̀mù mu bíi fìlà tí wọ́n wọn orí rán. Orí sódíọ̀mù kéré sí i, kò rí ohun tó máa rọ́pò aṣọ tó bọ́, kò sì bọ́ ọ.

Oògùn ti ṣáájú ìmọ̀ dé ibẹ̀. Láti 1938 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ní wárápá ní phenytoin. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé bodè sódíọ̀mù ló ń dì mú. Ti oníṣègùn eyín náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ eyín ọ̀gàn mi níbí, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lidocaine, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wúwo bí ẹni gbé òkúta sẹ́nu. Mo gbọ́ tí eyín náà ń ké kéú, mi ò gbọ́ ìrora kankan. Oníbodè ti tilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo yà sọ́dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Ọjà Tuntun. Òjìjí méjì wà nínú agbada, ọ̀kan ṣì ń mí. Mo na ọwọ́ sí i, kí n lè wo irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa. Màmá fi ọmọrogùn igi gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n ní, "Dókítà, ṣé o ò mọ ohun tó wà nínú ẹja yìí ni?"