Sèche-linge ń yí, kò gbóná: kí ni fiyúsì ooru, kí ló sì ń mú un já?

Fiyúsì ooru, tí àwọn oníná ní Àjàṣẹ́ ń pè ní fusible thermique, kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Ojú ọ̀nà tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà nínú sèche-linge, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ni wọ́n máa ń dè é mọ́. Iná tó ń lọ síbi tí ooru ti ń jáde gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ooru bá ju ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún lọ, á já, kò sì ní so padà mọ́. Láti ìgbà náà lọ, àgbá inú ẹ̀rọ á máa yí, iná ojú rẹ̀ á máa tàn, ariwo rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ti àná, ṣùgbọ́n aṣọ tútù tí ẹ kó sínú rẹ̀, tútù náà lẹ ó kó o jáde. (Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bí fiyúsì yìí bá já, gbogbo rẹ̀ ló máa dákẹ́. Àwọn yẹn kọ́ ni mò ń sọ.)

Ọ̀rọ̀ yìí ò kan gbogbo ilé. Nígbà ọyẹ́, okùn ẹ̀yìnkùlé ti tó, kò ní pẹ́ tí aṣọ á fi gbẹ. Àmọ́ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ léraléra tí ọ̀rinrin ọ̀sà sì wà nínú afẹ́fẹ́, aṣọ lè wà lórí okùn lánàá àti lónìí kó ṣì máa rùn. Àwọn tó ní pressing (ilé ìfọṣọ), àwọn onílé àlejò, ilé ìwòsàn tó ń fọ aṣọ ìbùsùn lójoojúmọ́, àtàwọn tó kó ẹrù ilé wọn dé láti Faransé, wọ́n mọ ohun tí mò ń wí. Tòkunbọ̀ tó gba èbúté Kútọnu wọlé ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò gbóná mọ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wá tún un ṣe ni pé résistance, wáyà tó ń mú ooru wá, ti jóná, kí wọ́n mú owó wá. Nígbà míì, òótọ́ ni. Nígbà púpọ̀, résistance wà ní pípé, fiyúsì ló já, ohun kan ló sì já a.

Wáyà tí wọ́n ká róbótó ni résistance, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń gbóná débi tí á pọ́n. Nínú ẹ̀rọ ilé tó ti Yúróòpù wá, agbára rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 2,500 watt. Fáànù á fa atẹ́gùn gba orí rẹ̀, atẹ́gùn náà á gbóná, á wọ inú àgbá, á gba omi lára aṣọ, á sì gbé e lọ. Nínú ẹ̀rọ tó ní túyò, ìta ló ń tú ọ̀rinrin náà sí. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní à condensation, ó ń sọ ọ́ di omi padà, á wá dà á sínú ike kan tí ẹ ó máa yọ dànù. Iṣẹ́ ńlá ni o: lítà omi kan péré kò lè kúrò lára aṣọ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ onírésistance ná tó 0.65 kWh lé e lórí. Aṣọ kílò mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti fún dáadáa ṣì lè gbé lítà omi méjì dání.

Nítorí náà, ooru nìkan kọ́ ló ń mú aṣọ gbẹ. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa rìn. Bí ọ̀nà bá là, atẹ́gùn ń kó ooru kúrò lórí résistance bó ṣe ń jáde. Bí ọ̀nà bá dí, ooru á dúró sójú kan, á máa pọ̀ sí i.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi thermostat sí i. Bí ibẹ̀ bá gbóná tó, thermostat á gé iná résistance. Bó bá rọlẹ̀ díẹ̀, á tún dá a padà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra nínú ẹrù aṣọ kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, thermostat kejì wà tó ń dúró de ooru tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òmíràn nínú irú èyí ní bọ́tìnì kékeré lẹ́yìn ẹ̀rọ: bó bá ti gé, kò ní padà fúnra rẹ̀, àfi kí ẹ yọ ẹ̀rọ lójú iná, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì náà. Ẹ kọ́kọ́ wá a kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni fiyúsì ooru. Òun kò ní bọ́tìnì. Bó bá já, ó ti já.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni wáyà tí àwọn kan fi ń so ojú méjèèjì fiyúsì pọ̀ kí ẹ̀rọ lè gbóná padà kíákíá. Fiyúsì yìí dà bí ọdẹ adúgbò tó fun fèrè lóru. Ẹni tó gba fèrè lẹ́nu rẹ̀ kò tíì lé olè lọ. Ohun tó mú kí ooru pọ̀ jù ṣì wà níbẹ̀, òwú gbígbẹ sì yí résistance ká. Òwú gbígbẹ kì í pẹ́ gbiná. Bí ẹni tó tún ẹ̀rọ yín ṣe bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó tú u kó tó kúrò nílé yín, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ tó.

Kí ló wá ń dí ọ̀nà atẹ́gùn? Òwú náà ni. Bí aṣọ ṣe ń yí nínú àgbá ni òwú wẹ́wẹ́ ń re kúrò lára rẹ̀, ti táwẹ́ẹ̀lì ló sì burú jù. Asẹ́ tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn ń gba púpọ̀ níbẹ̀, kò gba gbogbo rẹ̀. Ìyókù á lẹ̀ mọ́ inú túyò, mọ́ ara fáànù, mọ́ ẹ̀gbẹ́ résistance. Ẹrù aṣọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa nu asẹ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Asẹ́ kan sì wà tó mọ́ lójú tó sì dí. Ìyókù ọṣẹ àti oje tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ ló máa ń bo ojú rẹ̀. Ẹ bu omi sí i lórí: bí omi bá dúró síbẹ̀ tí kò kán wálẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Àwa tí a fẹ́ràn bàsíǹ tó le gbagidi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí aṣọ tó gba sitáàṣì gbẹ lórí okùn. Sitáàṣì ń lẹ̀ mọ́ inú àgbá, ẹ̀rọ náà kò sì ní jẹ́ kó le bí ẹ ṣe fẹ́.

Ní ti túyò, ẹ lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ kí ẹ wò ó. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ògiri títí tó fi di pẹlẹbẹ. Mo ti rí èyí tí ẹyẹ tẹ́ ìtẹ́ sí lẹ́nu níta. Kó kúrú, kó sì tọ́ bó bá ti lè ṣeé ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé ọwọ́ sẹ́nu túyò níta: atẹ́gùn tó lágbára ló yẹ kó máa fẹ́ yín. Bó bá jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń mí sí yín, ẹ ti rí àrùn náà. Ní ti ẹ̀rọ à condensation, nínú ọ̀pọ̀ wọn, condenseur kan, ibi tí ọ̀rinrin ti ń di omi, wà nísàlẹ̀ tí ẹ lè fà jáde kí ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣàn. Kò tún yẹ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, torí ooru ara rẹ̀ ló máa padà fà símú. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń bá ẹ̀rọ náà wá ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí yàrá má gbóná ju 35°C lọ, bẹ́ẹ̀ yàrá kékeré onípáànù kì í pẹ́ kọjá ibẹ̀ lọ́sàn-án.

Kí a tó ṣí ẹ̀rọ, ẹ wo ètò tí wọ́n yàn lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ètò kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn lásán láìsí ooru, ọmọdé á sì yí i síbẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ara yín: ṣé kò gbóná rárá ni, àbí ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an nílùú wa. 230 volt ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ Yúróòpù fún. Nígbà tí gbogbo adúgbò bá tan iná lálẹ́, iná lè wálẹ̀ dáadáa nílé tó jìnnà sí òpó. Bí iná bá dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ooru ló máa kù. Résistance 2,000 watt tó bá rí 180 volt péré, nǹkan bí 1,225 watt ló máa fún yín. Ẹ̀rọ á ṣì máa yí, ẹ ó rò pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ kó irú aṣọ kan náà sí i ní ìdájí kí ẹ wò ó. Bó bá gbóná dáadáa nígbà náà, oníná ni kí ẹ pè kó wọn iná ilé nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì bá SBEE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, sọ̀rọ̀.

Kí ẹ má sì fi stabilisateur (ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé) kékeré tí tẹlifíṣọ̀n ń lò tì í lẹ́yìn. Ẹ̀rọ 2,500 watt ń fa nǹkan bí 11 ampère. Stabilisateur 1,000 VA kò lè gbé e, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e, rallonge (okùn iná àsopọ̀) tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín á gbóná títí tí orí rẹ̀ á fi yọ́. Ojú iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú wáyà tó nípọn àti wáyà ilẹ̀, ló yẹ ẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ràn tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ó ń da àwọn ènìyàn wa láàmú. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ló ń bá wí. Lọ́dọ̀ wọn, okùn iná méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120 volt ló ń wọ ẹ̀rọ yìí: ẹ́ńjìnnì ń lo ọ̀kan, résistance ń lo méjèèjì pọ̀, 240 volt. Bí ọ̀kan bá kú, àgbá á yí, kò ní gbóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ wo disjoncteur, ohun tó ń gé iná ilé bó bá pọ̀ jù. Nínú ilé wa tó ń gba iná monophasé, ìyẹn iná olókùn kan, okùn kan náà ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì àti résistance. Bí disjoncteur bá já, gbogbo rẹ̀ ló máa dákẹ́. Ẹ má ṣe lo àkókò yín níbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n kan bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń lo iná Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tà á síbẹ̀. Kò sí 120 volt nílé wa tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa lò.

Bí ọ̀nà bá là, tí iná pé, tí kò sì gbóná síbẹ̀, ó kan mítà tí àwọn oníná fi ń wọn iná. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lójú iná pátápátá. Kí ẹ pa bọ́tìnì nìkan kò tó. Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mítà lè gba ibòmíràn ka irọ́ fún yín. Fiyúsì ooru tó yè á fún yín ní òǹkà tó súnmọ́ 0 ohm. Èyí tó ti já, mítà á kọ OL tàbí 1, bí ẹni pé kò sí nǹkan láàárín. Thermostat tó tutù náà gbọ́dọ̀ ka 0. Résistance 2,000 watt yóò ka nǹkan bí 26 ohm, ti 2,500 watt nǹkan bí 21. Bí ó bá kọ OL, ó ti já ní tòótọ́, ẹ lọ ra òmíràn. Ẹ tún wọn láti ojú résistance sí ara irin ẹ̀rọ: kò gbọdọ̀ sí ìsopọ̀ kankan. Bí ìsopọ̀ bá wà, òun ló ń já disjoncteur différentiel yín (èyí tó ń gé iná bí iná bá ń jò), tàbí tó ń gbọn ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ nílé tí kò ní wáyà ilẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ pompe à chaleur sí lára kò sí nínú àlàyé yìí. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti gáàsì bíi ti fíríìjì ló ń mú ooru rẹ̀ wá, ooru rẹ̀ kò sì pọ̀ púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ nu asẹ́ rẹ̀. Bí kò bá yí padà, frigoriste, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ni kí ẹ pè, kì í ṣe oníná.

Tí ẹ bá lọ ra fiyúsì, ẹ mú èyí tó já dání. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n ooru àti ampère rẹ̀ sí i lára, kí tuntun bá a mu gẹ́lẹ́. Èyí tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kì í ṣe àǹfààní. Bí wọ́n bá ń tà á pọ̀ mọ́ thermostat rẹ̀, ẹ ra méjèèjì, torí thermostat tó lẹ̀ mọ́ra tí kò gé iná mọ́ wà lára ohun tó ń pa fiyúsì. Tí ẹ bá ti dè é, ẹ má tíì kó aṣọ sí i. Ẹ gbá gbogbo òwú inú rẹ̀ kúrò, ẹ so túyò padà, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì tútù kan, kí ẹ sì wà nítòsí rẹ̀. Ohun kan náà ni kí ẹ ní kí ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ fún yín ní ọjà Wàndó ṣe lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: àgbá tó ń yí nìkan kò tó, táwẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ gbóná.